Àǹtí Rìwáyà Kò Dájọ́

Ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn àwọn igi káṣú,
níbi tí ilẹ̀ ti mu ọ́ìlì yó tí kò hu koríko mọ́,
wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀.

Oyèlàmí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Pijó rẹ̀ bí ẹni ń ṣí Bíbélì,
ó ní kí n wá ka irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ọn nínú:
Kàdúná ni wọ́n ti tò ó,
lọ́dún tí bàbá rẹ̀, tíṣà àgbà, yáwó ìjọba rà á.
"Ọmọ ilé ni," ó wí. "Kò mọ yìnyín, kò mọ òtútù.
Òkúta ọ̀nà Ìkòyí-Ilé ló fi kọ́ ìrìn."

Gbọ́ládé ò fèsì. Ó kan yí kọ́kọ́rọ́.
Bíẹ́mù dúdú náà kùn nínú
bí ajá tó rí ológbò, tí ọ̀gá rẹ̀ sì dì í lọ́rùn mú.
Oṣù mẹ́ta péré ló ti Kùtọnu dé.
Ìlẹ̀mọ́ kan tí wọ́n fi èdè Jámánì kọ ṣì wà lára gíláàsì iwájú;
a ò mọ ohun tó wí,
ṣùgbọ́n Gbọ́ládé kò gbà kí ẹnikẹ́ni bó o kúrò.
"Iná ẹ̀yìn mi pupa méjì," ó wí,
"ẹ̀yin ará Kàdúná, ẹ ó máa wò ó títí dé Ọ̀yọ́."

Wọ́n wá kọjú sí mi:
"Àǹtí Rìwáyà, ẹ bá wa dá a."

Ṣé kí n sọ òótọ́ ni?
Ríìngì inú ẹ́ńjìnnì Pijó yẹn, inú àpò ìrẹsì ló bá wọlé láti Kùtọnu.
Kábúrétọ̀ rẹ̀, ara ọkọ̀ kan tó kú sí Ìlọrin ni wọ́n ti tú u.
Àní ní Kàdúná ọjọ́un, inú àpótí ni wọ́n ti kó o jáde,
ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, orí lọ́tọ̀,
òkun ni gbogbo rẹ̀ gbà wá.
Bíẹ́mù ńkọ́?
Rédíétọ̀ tó gbé bọ̀ kò fara da oòrùn wa ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ;
Bàbá Oyèníran ló jó òmíràn fún un ní Ìsàlẹ̀-Afọ́n.
Búúṣì ẹsẹ̀ rẹ̀, táyà tírélà ni, ọ̀bẹ la fi gé e.
Wáyà tó ń gbé iná lọ sí ọpọlọ rẹ̀,
ọwọ́ mi yìí ló so ó,
wáyà Pijó ni.

Mi ò sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n lọ sáré.

Ìdájí Sátidé, ọyẹ́ bo títì.
Láti ilé-epo tó ti kú lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́
dé orí afárá odò Ọba.
Mo na àkísà pupa sókè, mo jù ú sílẹ̀.

Ẹ má retí àlọ́ ìjàpá.
Bíẹ́mù lọ. Ó lọ ni.
Kí Pijó tó wọ jíà kẹta,
iná pupa méjì yẹn ti kéré bí ojú eku.

Nígbà tí mo fi ọ̀kadà dé orí afárá,
Oyèlàmí ń gbọ̀n, ó sì ń rẹ́rìn-ín.
Ó ní ọkọ̀ náà kò tíì sáré báyìí rí
láti òru tí bàbá òun fi gbé ìyá òun lọ sí ọsibítù,
tí ìyá sì bímọ sórí síìtì ẹ̀yìn kí wọ́n tó dé géètì.
Gbọ́ládé bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan síìtì náà.
"Kí lorúkọ ọmọ ọ̀hún?"
"Abíọ́nà. Jámánì ló wà báyìí."

Ni wọ́n bá ya fọ́tò ìlẹ̀mọ́ yẹn, wọ́n fi ránṣẹ́ sí i.
A jókòó sórí irin afárá, a ń jẹ ẹ̀pà.
Oòrùn ti ń yọ kí èsì tó dé:
"Ìwé àṣẹ ìgbọ́kọ̀dúró ni. Ti ilé àwọn arúgbó."

Oyèlàmí rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun.
Gbọ́ládé wo ọkọ̀ dúdú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́,
ó fi àpá aṣọ nu gíláàsì náà,
ó nu yí ìlẹ̀mọ́ ká.
Kò bó o.